Wọ́n ní kí ọkọ mi dín oògùn kíndìnrín tuntun kù nítorí fáírọ́ọ̀sì BK. Ẹ gbà mí o

ÌyáTáyé_Tákíẹ́ · Ọjọ́ Ajé, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n ti alẹ́ òní ti ju ohun tí èmi nìkan lè gbé lọ.

Oṣù keje rèé tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún ọkọ mi. Àbúrò wọn, ọmọ ìyá wọn gan-an, ló fún wọn ní ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀. Kí iṣẹ́ abẹ náà tó dé, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin la fi ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti lọ fọ ẹ̀jẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni dókítà wọn wà. Aago mẹ́rin ìdájí, a ti wà ní gáréèjì. Lọ́jọ́ tí kíndìnrín tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ìtọ̀ jáde, ẹkún ni mo sun bí ọmọdé. Creatinine wọn, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń fọ̀ dànù, já wá sí 1.2, ó sì jókòó síbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ó di 1.5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 1.9. Kò sí ibà, kò sí ẹ̀fọ́rí, ẹsẹ̀ ò wú, ìtọ̀ ń lọ geere. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá àwọn ìbejì ṣeré. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kan tí a ò ṣe rí látìgbà iṣẹ́ abẹ náà. Owó rẹ̀ ju oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ nílé wa. Èsì dé: fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ BK, ẹ̀dà 24,000 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan.

Ohun tó wá dá ìjà sílẹ̀ ni pé dókítà ní kí wọ́n gé mycophenolate, ọ̀kan nínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín náà, sí ìdajì. Oògùn tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá pé a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ìyá ọkọ mi ní wọ́n fẹ́ pa ọmọ òun ni. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà l'Ékòó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dín nǹkan kan. Màmá ti gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo kan wálé. Èmi tí mò ń ka oògùn sí ọwọ́ wọn láàárọ̀ lálẹ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

---

Bọ̀dá_Sábó · aago 9:52 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo jókòó síbí, mò ń tẹ́tí.

---

Ewé_Ń_Jẹ́ · aago 10:05 alẹ́

Ìyá Táyé, ìyá ọkọ yín mọ ohun tó ń sọ. Àwọn òyìnbó fún yín ní oògùn, wọ́n tún ní kí ẹ dín in kù, ó túmọ̀ sí pé àwọn fúnra wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ewé tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wà nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó kọ́ ọsibítù kankan. Ọjọ́ mọ́kànlélógún péré. Ẹ kàn sí mi lábẹ́lẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì · aago 10:31 alẹ́

Ìyá Táyé, ẹ kọ́kọ́ bu omi mu. Ẹ má tíì kàn sí ẹnikẹ́ni lábẹ́lẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì lo ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ àti àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí n tó padà wá sinmi nílé.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú ara wa, àwọn ọdẹ wà tó ń ṣọ́ ilé. Ojú àlejò ni wọ́n fi ń wo kíndìnrín àbúrò ọkọ yín, ìbọn ni wọ́n sì ń gbé sí àlejò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún àwọn ọdẹ náà ní ohun tó ń kùn wọ́n lóorun: tacrolimus, mycophenolate, prednisolone. Bí wọ́n bá ń tòògbé, àlejò á rí ilé gbé.

Ṣùgbọ́n olè kan ti wà lábẹ́ ibùsùn látìgbà ọmọdé, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, torí pé àwọn ọdẹ ò jẹ́ kó yọrí. Òun ni BK yẹn. Inú kíndìnrín àti ọ̀nà ìtọ̀ ló ń sá pamọ́ sí. Bí oorun àwọn ọdẹ bá wọra jù, ó máa ń jáde, á máa bí sí i, á sì máa ba inú kíndìnrín náà jẹ́ láti inú wá. Bí dókítà ṣe ní kí ẹ dín oògùn kù yẹn, àwọn ọdẹ ló fẹ́ kẹ́ ẹ jí díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Kí wọ́n lè lé olè, kí wọ́n má sì yìnbọn fún àlejò.

Nítorí náà, oògùn yẹn kan náà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé lè pọ̀ jù. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹni tó wà l'Ékòó ò purọ́, apá kan ọ̀rọ̀ ló dì mú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ìdajì ni ìdajì. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó dín in kù tó jẹ́ pé ṣe ló gbé gbogbo ẹ̀ sọnù, ó ní òun ń ran dókítà lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ kọ kíndìnrín náà. Ẹ má fọwọ́ kan tacrolimus àti prednisolone àfi tí dókítà bá sọ.

---

Àtúnwá_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:15 àárọ̀

Mo jí, mo rí àkọlé yìí, inú mi bà jẹ́. Ẹni tí ó ti bọ́ sínú ẹ̀ rí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ o, Màmá.

Ọdún 2018 ni wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún mi ní Íńdíà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún mi. Mo padà sí Ọ̀yọ́ láìpẹ́ sígbà yẹn, ara mi le koko. Ní oṣù karùn-ún, creatinine mi kúrò ní 1.3, ó di 2.3. Gẹ́gẹ́ bíi ti ọkọ yín, ohunkóhun ò ṣe mí. Àní mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìdí àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ tí èsì yẹn jáde.

Ọsibítù tí mo lọ (mi ò ní dárúkọ wọn) ní ara mi ló ń kọ kíndìnrín. Wọn ò gé ẹran kíndìnrín náà wò, wọn ò yẹ fáírọ́ọ̀sì wò. Wọ́n fa methylprednisolone sí mi lára fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tún fi kún tacrolimus. Lójú ohun tí Màmá Nọ́ọ̀sì wí, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n fún ọdẹ lóorun sí i nígbà tí olè wà nínú ilé. Creatinine di 3.1.

Ọ̀gá dókítà kan tó ń bọ̀ láti ibòmíràn ló béèrè pé, "Ẹ ti yẹ BK wò?" Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ, èsì dé: 380,000. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ mú ẹran bíńtín nínú kíndìnrín náà, tí wọ́n fi àwọ̀ kan sí i tó ń jẹ́ SV40. Fáírọ́ọ̀sì ọ̀bọ kan tó jẹ́ ìbátan BK ló ni orúkọ yẹn, àwọ̀ náà sì ń mú àwọn méjèèjì. Dókítà fi hàn mí lórí ẹ̀rọ: àwọn ojú kéékèèké tó pọ́n bíi kọfí káàkiri.

Wọ́n dín gbogbo oògùn mi kù. Oṣù mọ́kànlá ni fáírọ́ọ̀sì náà fi ń lọ sílẹ̀ kó tó di pé wọn ò rí i mọ́. Creatinine mi ò padà sí 1.3 mọ́ láéláé, 2.2 ló dúró sí. Títí dòní, kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń lò, mi ò padà sórí ẹ̀rọ. Àmọ́ apá tó bàjẹ́ yẹn, ó bàjẹ́ náà ni.

Ẹ̀yin tètè mọ̀. 24,000 àti 1.9. Ẹ lọ gé mycophenolate yẹn sí ìdajì bí dókítà ṣe wí, ẹ jọ̀ọ́.

---

ÌyáTáyé_Tákíẹ́ · aago 7:48 àárọ̀

Bọ̀dá Ọ̀yọ́, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín ní àlàáfíà. Mo ka tiyín sétí ọkọ mi. Wọ́n mu ìdajì láàárọ̀ yìí. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé.

Ọ̀ràn mìíràn ti tún yọjú. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé níbo ni fáírọ́ọ̀sì náà ti wá tí kì í bá ṣe inú kíndìnrín tí wọ́n gbé wọlé. Ó ń wo àbúrò ọkọ mi bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kó nǹkan ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ náà wá kí wa lánàá, kò lè jókòó pẹ́. Lẹ́yìn tó ti ya ara rẹ̀ sí méjì! Ó ń dùn mí. Àti pé ṣé kí n ya àwo àti ife ọkọ mi sọ́tọ̀ nítorí àwọn ìbejì?

---

Ẹni_Láàbù · aago 1:20 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn ló mú mi wọlé. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa fáírọ́ọ̀sì yìí, ní Lọ́ńdọ̀nù. Sylvia Gardner àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí i nínú ìtọ̀ aláìsàn kan, ará Sudan, tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú kíndìnrín ló ti fún pọ̀. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ aláìsàn náà, B àti K, ni wọ́n fi sọ fáírọ́ọ̀sì lórúkọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n kéde JC, ìbátan rẹ̀, tí wọ́n rí nínú ọpọlọ aláìsàn mìíràn. Tòun náà, lẹ́tà orúkọ ni.

Ìdílé àwọn fáírọ́ọ̀sì yìí ni wọ́n ń pè ní polyoma. Bí ẹnikẹ́ni bá lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó rí i pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "kókó púpọ̀", kó má pariwo jẹjẹrẹ sí ìyá náà létí o. Ara eku ni wọ́n ti rí àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láwọn ọdún 1950, àwọn eku náà ló yọ kókó. Orúkọ yẹn ló lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹbí.

Ó wá ku ta ló kó o ran ta. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló ti ní BK lára láti kékeré. Ó ṣeé ṣe kí èmi ní in, kí Màmá ní in, kí awakọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Ìlọrin ní in. Kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní nǹkan kan. Ní tòótọ́, ó lè bá kíndìnrín tí wọ́n fún ènìyàn wọlé. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ wá ẹni tí kò ní i láti fún ọkọ yín ní kíndìnrín, ẹ ó wá a títí, ẹ lè má rí i. Àbúrò yín ò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ ka ibí yìí sétí Màmá.

Nípa àwo àti ife: rárá o. Ẹ jọ máa jẹun. Àwọn ìbejì lè ti ní tiwọn níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré níléèwé.

---

Ìyàwó_Tíṣà · aago 2:03 ọ̀sán

Ìbéèrè kan: àyẹ̀wò yìí, ṣé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n ń ṣe é ni? Ìyá Táyé ní oṣù keje ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiwọn.

---

Ẹni_Láàbù · aago 2:26 ọ̀sán

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìpààrọ̀ kíndìnrín ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóṣooṣù títí di oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà kó di oṣù mẹ́ta mẹ́ta títí ọdún méjì yóò fi pé. Àìsàn yìí kì í pe ara rẹ̀. Inú ìtọ̀ ló ti kọ́kọ́ ń yọ; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè dé inú ẹ̀jẹ̀; bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, á dé inú ẹran kíndìnrín. Creatinine ló ń kẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń dúró de creatinine, ẹ̀yìn olè ló ń tì lẹ́kùn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá yọ nínú ìtọ̀ rẹ̀ ni yóò bá a dópin o. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, nǹkan bí ọ̀kan sí mẹ́wàá ni ti inú kíndìnrín ń bá jà. Láyé àtijọ́ tí kò sí àyẹ̀wò lóòrèkóòrè, ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń sọ kíndìnrín náà nù. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń tètè yẹ ẹ́ wò.

Ní ìwọ̀n, bí ó bá ti kọjá 1,000 nínú mílílítà kan tí kò sì lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ti wọ 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà, dókítà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù. 24,000 ti kọjá méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ní láàbù kún un: láàbù kan ni kẹ́ ẹ dì mú. Èsì láàbù méjì kì í sábà bára mu lórí fáírọ́ọ̀sì yìí. Bí ó bá ti 24,000 di 18,000, ẹ má tíì jó. Bó bá di 30,000, ẹ má tíì sunkún. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀rọ lásán. Ìgbà tó bá já sí ìdá mẹ́ta tàbí ìdá mẹ́wàá ló tó ní ìtumọ̀.

---

Under_G_Boy · aago 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Kí ló dé tí wọn ò kàn fún wọn ní oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì, bíi ti àwọn tó ní HIV? Kí wọ́n pa BK, kí wọ́n fi oògùn yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

---

Nọ́ọ̀sì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì · aago 5:12 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Torí pé kò tíì sí oògùn kan tí wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń pa BK ni. Wọ́n ti gbìyànjú cidofovir, ṣùgbọ́n cidofovir fúnra rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. Ṣé ẹ rí i bí? Wọ́n ti gbìyànjú leflunomide. Wọ́n ti ronú pé levofloxacin, oògùn kòkòrò àìfojúrí tí gbogbo kẹ́míìsì ń tà, á dènà rẹ̀. Wọ́n dán an wò dáadáa ní Kánádà, èsì jáde lọ́dún 2014 pé kò dènà nǹkan kan, ṣe ló ń jẹ́ kí àwọn kòkòrò mìíràn di aláìgbọ́oògùn. Àwọn dókítà kan ṣì ń fi àwọn ohun ìjà ara tí wọ́n fà yọ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kún ìtọ́jú. Olórí ìtọ́jú náà ṣì ni kí ọdẹ jí.

Ìdí nìyẹn tí ó fi ń pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan ni. Ìyá Táyé, ẹ má fi èsì ọ̀sẹ̀ méjì dá dókítà lẹ́bi.

---

Ewé_Ń_Jẹ́ · aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àwọn ò ní oògùn. Èmi ní.

---

Àtúnwá_Ọ̀yọ́ · aago 5:44 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, kí ló wà nínú ẹ̀? Ẹ dárúkọ ewé náà síbí kí gbogbo wa rí i.

---

Ewé_Ń_Jẹ́ · aago 6:01 ìrọ̀lẹ́

Bàbá mi ò fi han ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ako-igún wà níbẹ̀, egbò ìfọ̀ wà níbẹ̀, kán-ún díẹ̀.

---

Ẹni_Láàbù · aago 6:20 ìrọ̀lẹ́

Háà. Ako-igún kẹ̀! Mi ò kórìíra ewé o, ìyá mi àgbà ló fi ewé wò mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ìdílé Aristolochia ni ako-igún wà. Ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan lo ewé tí wọ́n fi ń dín sísanra kù, tí irú ìdílé ewéko yẹn wọ inú ẹ̀. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn kú pátápátá, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ sì tún bá àwọn kan lẹ́yìn náà. Ẹni tí kíndìnrín méjèèjì rẹ̀ pé pérépéré nìyẹn o. Ẹ wá fẹ́ fún ẹni tó ní ẹyọ kan, ti ẹlòmíràn, tó sì ti ń ṣàárẹ̀?

---

Ìyàwó_Tíṣà · aago 6:37 ìrọ̀lẹ́

Kì í ṣe àgbo nìkan o. Bàbá mi (wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún àwọn náà) ní làpálàpá lẹ́sẹ̀. Wọ́n lọ sí kẹ́míìsì ìdí ilé wa, wọ́n fún wọn ní fluconazole. Tacrolimus inú ẹ̀jẹ̀ wọn gun òkè fíofío, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí ewé. Dókítà ní ṣe ni fluconazole ń dá ẹ̀dọ̀ dúró kó má baà lè fọ tacrolimus dànù. Bẹ́ẹ̀ ni ọsàn gérépù. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń jẹ́ rifampicin, òdìkejì ni, ó ń sọ ọ́ di kékeré. Kò sí ohun tí a ń rà lásán mọ́ nílé wa. Màmá mi ti di kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà.

---

Bọ̀dá_Sábó · aago 7:10 alẹ́

Ọkà ńkọ́? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò bá jẹ̀kà, kí ló fẹ́ fi múkọ? Ẹ má bínú, ẹ̀rù ló ń bà mí fún ọkọ yín.

---

ÌyáTáyé_Tákíẹ́ · aago 8:25 alẹ́

Ẹ̀rín pa mí, Bọ̀dá Sábó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rẹ́rìn-ín lónìí nìyẹn. Dókítà ò bá ọkà jà. Lánàá òde yìí, àwo méjì ni wọ́n jẹ.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Màmá. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ní òun náà lè ní in lára láti kékeré, ó ní, "Èmi?" Ó dákẹ́ lọ títí. Ó wá béèrè bóyá àwọn obìnrin Belgium yẹn kú. Kò dá kẹ́ẹ̀gì náà nù o, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀.

---

ÌyáTáyé_Tákíẹ́ · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ máa retí.

Èsì kejì, láàbù kan náà: 21,000. Creatinine 2.0. Mo rántí ohun tí Ẹni Láàbù wí, mi ò sunkún. Irọ́ ni, mo sunkún díẹ̀. Dókítà ní òun ò tíì fẹ́ gé ẹran kíndìnrín wò, òun máa rọra dín tacrolimus kù díẹ̀, kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí wọn ò fi ṣe àyẹ̀wò náà láti oṣù kìíní. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò lè san owó rẹ̀, àwọn sì ti ń gbára lé creatinine nìkan. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi fèsì. Ká ní wọ́n sọ fún wa ni, à bá ti tọ̀nà wá owó náà bí a ṣe wá owó iṣẹ́ abẹ. Ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ wa.

---

Àtúnwá_Ọ̀yọ́ · ọjọ́ yẹn kan náà

Ẹ mú sùúrù, Màmá. Tèmi kọ́kọ́ gun òkè sí i kó tó wá sílẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí creatinine rìn díẹ̀ nígbà tí àwọn ọdẹ bá ń jà nínú ilé, torí pé nínú kíndìnrín náà ni ìjà wà. Dókítà á máa ṣọ́ ọ kó má di pé ara ń kọ̀ ọ́. Ẹ má fo ọjọ́ kankan.

---

ÌyáTáyé_Tákíẹ́ · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá látìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́

1,900!

Láàbù kan náà. Láti 24,000. Creatinine 1.7. Dókítà ní ó lè má padà sí 1.2 mọ́, pé kí a gba 1.7 tọwọ́tẹsẹ̀ bó bá dúró síbẹ̀. A ti gbà á.

Àbúrò ọkọ mi wá lọ́jọ́ Àìkú. Màmá ló gbé oúnjẹ fún un fúnra rẹ̀, ó bù ú kún, ẹran mẹ́ta. Kò sọ ohunkóhun, òun náà ò béèrè. Kẹ́ẹ̀gì yẹn, omi òjò ni mo rí nínú ẹ̀ lẹ́yìn ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìbéèrè kan ló kù, bóyá Bọ̀dá Sábó á mọ̀ ọ́n. Ọjọ́bọ̀ la máa padà lọ. Wọ́n fẹ́ yẹ ìwọ̀n tacrolimus wò, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó gbé oògùn àárọ̀ mì, ní nǹkan bíi wákàtí méjìlá lẹ́yìn ti alẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń lo ti alẹ́. Ọkọ̀ Ìbàdàn wo ló ń tètè kún?

---

Bọ̀dá_Sábó · ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà

Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dé wàyí! Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ẹ ó bá ọkọ̀ kejì lọ, àkọ́kọ́ ti máa ń kún fún àwọn oníṣòwò. Ẹ jókòó síwájú. Ẹ di oògùn náà sínú báàgì yín, kí ẹ má fi sínú àpótí ẹ̀yìn mọ́tò, oòrùn.

---

Ẹni_Láàbù · ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà

Kí ẹ sì kọ aago tí wọ́n lo ti alẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi lé ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́. A kì í béèrè tó bó ṣe yẹ.